Ẹ̀rù Obìnrin, Ẹ̀rí Ni

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Òwe yìí ni mo fi ṣíwájú ọ̀rọ̀ mi lórí àwọn fíìmù afọkànsókè àtijọ́, ìyẹn àwọn fíìmù tí kì í jẹ́ kí ọkàn òǹwòran balẹ̀ títí wọn yóò fi parí. Láàrin nǹkan bí 1938 sí 1964, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Hollywood, kò sí ẹ̀dá-ìtàn tí àwọn olùdarí irú fíìmù bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn tó obìnrin tí ẹ̀rù ń bà. Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lókè àjà. Ó rí ohun tí gbogbo ènìyàn ní àwọn kò rí. Ó fura sí ọkọ rẹ̀ tàbí sí àbúrò ìyá rẹ̀. Kò ní pẹ́, kò ní jìnnà, ọkùnrin kan yóò dìde, ì báà ṣe dókítà, ì báà ṣe ọkọ, ì báà ṣe agbófinró, yóò sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ ṣàlàyé fún un pé ara rẹ̀ ni kò yá, pé iyè rẹ̀ ni kò pé.

Mo ti kà á lọ́pọ̀ ìgbà, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn olùkọ́, pé ilé ìṣúra ìmọ̀ nípa ọkàn obìnrin ni àwọn fíìmù wọ̀nyí. Wọ́n ní a rí i níbẹ̀ bí obìnrin ṣe ń fọwọ́ ara rẹ̀ dá ẹ̀rù sílẹ̀ fún ara rẹ̀, bí ìrántí ìgbà èwe ṣe ń dà á láàmú, bí ìyá burúkú ṣe ń ba ọmọ jẹ́. Mo lòdì sí ẹ̀kọ́ yìí pátápátá. Àwọn tí ń kọ́ni bẹ́ẹ̀ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Bí a bá fara balẹ̀ wo ohun tí àwòrán fi hàn wá, tí a kò gbára lé ohun tí ẹnu àwọn dókítà inú fíìmù sọ nìkan, a ó rí i pé ẹ̀rù tí ń ba obìnrin níbẹ̀ kì í ṣe àìsàn. Ẹ̀rí ni.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú The Lady Vanishes, tí Alfred Hitchcock darí ní 1938 kí ó tó fi ìlú London sílẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ń jẹ́ Iris wọ ọkọ̀ ojú irin lẹ́yìn tí nǹkan já lù ú lórí. Ìyá àgbà kan, Miss Froy, tọ́jú rẹ̀, wọ́n jọ mu tíì. Iris sùn lọ. Nígbà tí ó jí, ìyá àgbà kò sí mọ́, gbogbo èrò ọkọ̀ sì ní kò sí ẹni tí ó jọ bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ kan, Dókítà Hartz, bá a kẹ́dùn, ó ní ohun tí ó já lù ú lórí ni ó ń mú un rí ohun tí kò sí. Ta ni yóò jiyàn pẹ̀lú irú ẹni bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n ẹ wo ìdí tí àwọn èrò fi purọ́. Ọkùnrin méjì kan kò fẹ́ kí ọkọ̀ dúró nítorí eré kíríkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fẹ́ lọ wò. Lọ́yà kan gbé àlè rẹ̀ rin ìrìnàjò, kò sì fẹ́ kí a pe òun ṣe ẹlẹ́rìí. Dókítà náà gan-an sì ni olórí àwọn tí wọ́n jí Miss Froy gbé. Iris nìkan ni orí rẹ̀ pé nínú gbogbo ọkọ̀ náà.

Hitchcock tún pa irú ààlọ́ kan náà nínú Spellbound ní 1945. Dókítà Constance Petersen, tí Ingrid Bergman ṣe, gbà pé ọkùnrin tí gbogbo ayé pè ní apànìyàn kò pa ẹnikẹ́ni. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ sọ fún un pé obìnrin a máa mọ iṣẹ́ ìwòsàn ọkàn dáadáa, àfi bí ó bá kó sínú ìfẹ́, tí òun náà á wá di aláìsàn. Ní ìgbẹ̀yìn, ta ni apànìyàn náà? Ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn tí gbogbo wọn ti ń ṣiṣẹ́ ni.

Fíìmù tí ó la ọ̀rọ̀ yìí jù lọ kì í tilẹ̀ ṣe ti Hitchcock. Gaslight ni, tí George Cukor darí ní 1944 láti inú eré orí ìtàgé tí Patrick Hamilton kọ ní 1938. Ọkọ Paula a máa kó nǹkan pamọ́, a sì ní Paula ni ó sọ wọ́n nù. Ó ń sọ fún àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ pé ara ìyàwó òun kò dá. Ní alaalẹ́, bí ọkọ bá ti jáde, iná fìtílà inú yàrá Paula á rẹlẹ̀, ìró ẹsẹ̀ á sì máa dún lókè àjà. Ó bi àwọn ará ilé. Wọn kò rí i, wọn kò gbọ́ ọ. Ẹ kíyè sí bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Gáàsì kan náà ni ó ń bọ́ gbogbo fìtílà ilé. Bí ẹnìkan bá tan ti òkè, ti ìsàlẹ̀ kò ní ṣàì dín kù. Ọkọ ni ó wà lókè, tí ó ń wá ohun ọ̀ṣọ́ obìnrin tí ó ti pa nínú ilé náà, ẹni tí í ṣe àbúrò ìyá Paula. Kò sí àrùn ọkàn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ páìpù ni. Ní ọjọ́ tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan jókòó sínú yàrá náà, tí òun náà rí i pé iná ń rẹlẹ̀, ni ara Paula bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Kò mu oògùn kankan. Ẹnìkan gbà á gbọ́ ni.

N kò ní bo àbùkù tí ó wà níbẹ̀. Ẹ̀rí Paula kò dúró títí ojú ọkùnrin fi rí iná tí ojú rẹ̀ ti ń rí láti ọjọ́ pípẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni Iris: ìgbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin Gilbert rí bébà tíì Miss Froy tí afẹ́fẹ́ gbé lẹ̀ mọ́ fèrèsé ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó di òtítọ́. Àwọn olùdarí wọ̀nyí mọ̀ pé obìnrin ń sọ òótọ́, síbẹ̀ wọ́n ń wá ọkùnrin tí yóò bá a fọwọ́ sí i.

Àwọn alátakò mi yóò ní mo ti ṣa èyí tí ó rọrùn. Wọn yóò béèrè pé, Psycho ńkọ́? Ó dára. Ní ìparí fíìmù 1960 yìí, oníṣègùn ọpọlọ kan dìde láàrin àwọn ọlọ́pàá, ó ṣàlàyé pé ìyá Norman Bates jẹ́ obìnrin tí ó fi ọwọ́ líle mú ọmọ rẹ̀, tí ó sì so ó mọ́ ara rẹ̀, àti pé láti ibẹ̀ ni wèrè ọmọ ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé gba àlàyé yìí bí ẹni pé ọ̀rọ̀ Ifá ni. Ṣùgbọ́n níbo ni dókítà ti gbọ́ ọ? Lẹ́nu Norman ni, ẹni tí ó fi májèlé pa ìyá náà, tí ó sì ń fi ohùn rẹ̀ sọ̀rọ̀. A kò rí ìyá Bates láàyè lójú kan nínú fíìmù náà. Gbogbo ohun tí a mọ̀ nípa ìwà rẹ̀, ẹni tí ó pa á ni ó sọ ọ́. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Hitchcock fúnra rẹ̀ kò jẹ́ kí dókítà sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Ó gbé kámẹ́rà lọ bá Norman nínú àtìmọ́lé, níbi tí ohùn ìyá ti ń di ẹ̀bi ru ọmọ nígbà tí ẹ̀rín ń yọ lójú ọmọ. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí ó bá wo ojú yẹn tí ó ṣì gba àlàyé dókítà wọlé lódindi, kò wo fíìmù náà.

Ẹ jẹ́ kí á wá dé orí Vertigo, ti 1958, èyí tí àwọn lámèyítọ́ dìbò fún nínú ìwé ìròyìn Sight and Sound ní 2012 pé ó tayọ gbogbo fíìmù ayé, kí Jeanne Dielman tí obìnrin kan, Chantal Akerman, darí tó gba ipò náà ní 2022. Olówó kan, Elster, fẹ́ pa ìyàwó rẹ̀. Kí ó tó pa á, ó kọ́kọ́ ṣe wèrè fún un. Ó pe Scottie, ọlọ́pàá tí ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó ní ẹ̀mí obìnrin tí ó ti kú ń gbé inú ìyàwó òun. Ó bẹ Judy, ọmọbìnrin kan láti Salina ní Kansas, lọ́wẹ̀, pé kí ó máa ṣe bí ìyàwó náà, kí ó máa rìn bí ẹni tí kò mọ ibi tí ó ń lọ. Ní ọjọ́ tí Elster ju òkú ìyàwó rẹ̀ gan-an láti orí ilé agogo ìjọ, Scottie ni ẹlẹ́rìí. Ìgbìmọ̀ tí ń wádìí ikú jókòó, wọ́n sì dájọ́ pé obìnrin náà pa ara rẹ̀ nígbà tí iyè rẹ̀ kò pé. Ẹ tún un gbọ́: wọ́n pa obìnrin, ìjọba sì kọ ọ́ sínú ìwé pé wèrè ni. N kò mọ fíìmù mìíràn tí ó fi bí a ṣe ń fi orúkọ àìsàn bo ẹ̀jẹ̀ mọ́lẹ̀ hàn kedere tó bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, bí a bá ń sọ̀rọ̀ Vertigo, ìrora Scottie ni gbogbo ẹnu ń sọ: ẹ̀rù ibi gíga, ìbànújẹ́, ìfẹ́ tí ó ré kọjá ikú. Mo gbà pé ọkùnrin náà ń ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n ta ni ó san owó ìwòsàn rẹ̀? Nígbà tí ó tún rí Judy lójú pópó, ó ra aṣọ fún un, ó yan bàtà, ó ní kí ó pa irun rẹ̀ láró, kí ó dì í bí ti ẹni tí ó kú. Judy bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fẹ́ràn òun bí òun ṣe wà. Hitchcock ti jẹ́ kí a mọ àṣírí Judy kí Scottie tó mọ̀ ọ́n. Láti ìgbà náà, ojú Judy ni a fi ń wo ọkùnrin yìí, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà wá. Judy kì í ṣe aláìlẹ́ṣẹ̀, ó lọ́wọ́ nínú ìpànìyàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ìjìyà ṣe pín: Judy já bọ́, ó kú, Elster kó owó, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀, a kò sì rí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án. Nínú fíìmù kan náà, ọlọ́jà ìwé kan ti sọ ìtàn Carlotta, obìnrin ìgbà àtijọ́ tí olówó kan fẹ́, tí ó gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó sì lé e dànù títí ó fi ya wèrè. Kò fi ìdí wèrè náà pamọ́: ọkùnrin ìgbà náà ní agbára àtiṣe é, kò sì sí ẹni tí yóò bi í.

Marnie, ti 1964, ni ibi tí mo ti fara mọ́ àwọn tí ń bá Hitchcock jà. Mark Rutland mú obìnrin olè kan, ó ní kí ó yan ọ̀kan nínú òun àti ọlọ́pàá. Ó fẹ́ ẹ, ó fi ipá bá a lò pọ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, lẹ́yìn náà ó ka ìwé nípa àrùn ọkàn, ó sì di oníṣègùn rẹ̀. Evan Hunter, tí ó kọ́kọ́ ń kọ ìwé eré náà, kọ̀ ìran ọkọ̀ yìí, wọ́n sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Jay Presson Allen, obìnrin, ni ó kọ èyí tí a wò. Fíìmù náà fẹ́ kí a gbà pé ìgbà èwe Marnie àti ìyá rẹ̀ ni gbòǹgbò gbogbo ìṣòro, àti pé ọkọ ni ó wò ó sàn. Èmi kò gbà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, inú odò ìwẹ̀ ọkọ̀ náà ni wọ́n ti bá Marnie, ó dojú bolẹ̀ nínú omi. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbà èwe. Ọ̀rọ̀ alẹ́ àná ni. Ní ìparí, ohun tí ó sọ ni pé òun yàn láti dúró ti Mark ju kí òun lọ sẹ́wọ̀n. Ṣé ìwòsàn nìyẹn?

Ní 1975, Laura Mulvey ti kọ ọ́ pé ojú ọkùnrin ni kámẹ́rà Hollywood fi ń wo obìnrin. Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n mo kọ èrò àwọn tí ó wá fi í ṣe ìdí láti da àwọn fíìmù wọ̀nyí nù. Ojú Iris, ojú Paula àti ojú Judy wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá jó ìwé ẹjọ́ nítorí pé ìdájọ́ rẹ̀ burú ti jó ẹ̀rí náà mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì parí sórí aṣọ funfun tí a fi ń wo sinimá. Tippi Hedren, tí ó ṣe Marnie, kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ ní 2016 pé Hitchcock fi ìbálòpọ̀ dà á láàmú, àti pé ẹyẹ alààyè ni wọ́n ń jù lù ú fún ọjọ́ márùn-ún nígbà tí wọ́n ń ya ìran kan nínú The Birds. Hitchcock ti kú láti 1980, kò lè fèsì. Àwọn òṣèré mìíràn, bí Kim Novak, sì ti sọ pé àwọn kò rí irú rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á gbọ́ tọ̀tún tòsì. Ohun tí mo kọ̀ ni ohùn àwọn tí kò tíì ka ìwé náà tí wọ́n ti ń ní ìbínú àgbàlagbà obìnrin ni. Ohùn èrò ọkọ̀ Iris nìyẹn.

Ní 2022, ilé ìwé atúmọ̀ Merriam-Webster mú ọ̀rọ̀ tí ó jáde láti ara orúkọ Gaslight ṣe ọ̀rọ̀ ọdún. Àràádọ́ta ọ̀kẹ́ tí kò wo fíìmù náà rí ni ó ti mọ ohun tí Paula mọ̀. Nítorí náà, nígbà tí dókítà inú fíìmù bá dìde láti ṣàlàyé obìnrin fún yín, ẹ jẹ́ kí ó sọ tirẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbójú kúrò lára fìtílà.