Ìyá, Bàbá àti Ọmọ Níwájú Adájọ́

Ẹ̀yin olóyè wa àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú, ẹ̀yin tí a kọ́kọ́ ń sá tọ̀ bí tọkọtaya bá ń jà, ẹ̀yin ni a ní ọ̀rọ̀ bá sọ lóṣù yìí. Agbára káká ni oṣù kan fi ń kọjá kí ẹnìkan má wá bá wa láti Ọ̀fàdà, Mòwé, Ìbàfò tàbí Ifọ̀, kí ó bi wá pé, "Kí ni kí n wí bí mo bá dé iwájú adájọ́?" Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì ti mọ ohun tí wọn yóò wí: èébú ni.

Láìpẹ́ yìí ni a jókòó ní kóòtù ìbílẹ̀ kan, níbi tí baálé ilé kan ti ń rojọ́ pé kí a fi ọmọ òun fún òun. Ọkùnrin náà mọ ọ̀rọ̀ í sọ. Ó pa òwe, ó ka ìran ìyá ìyàwó rẹ̀ títí, ó ní wọn kì í pẹ́ nílé ọkọ. Nígbà tí ó sọ̀rọ̀ tán, ààrẹ kóòtù bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: kíláàsì wo ni ọmọ náà wà? Kò lè dáhùn. Obìnrin náà, oníṣòwò ìrẹsì, kò sọ̀rọ̀ tó ìdajì tirẹ̀. Ó tú etí ìró, ó kó rìsíìtì owó ilé-ìwé àti káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára jáde. Ohun tí ó dùn wá ni pé àwa mọ̀ pé owó ọkùnrin náà wà nínú rìsíìtì wọ̀nyẹn. Ó fi owó ọdún kan gbáko lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ lójú àbúrò rẹ̀. Kò mẹ́nu kàn án, bẹ́ẹ̀ ni kò mú àbúrò náà wá. Ọmọ bá ìyá rẹ̀ lọ.

Àwọn baba wa a máa wí pé bàbá ló ni ọmọ, ṣùgbọ́n àwọn pàápàá kì í já ọmọ gbà lẹ́nu ọmú. Òfin ìsinsìnyí ti kọjá ibẹ̀. Nínú ẹjọ́ Williams àti Williams ní 1987, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ilẹ̀ Nàìjíríà fi ire ọmọ ṣáájú ohun gbogbo. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 wí bákan náà, Ìpínlẹ̀ Ògùn sì ṣe tirẹ̀ ní 2006. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń rojọ́ ọmọ, kí ó wí ibi tí ọmọ yóò máa sùn, ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀ bí òun bá lọ sí Èkó, àti iye tí òun lè san lóṣù láìpurọ́. Kí ó sọ ohun tí ó ṣojú rẹ̀. Èyí tí ó gbọ́ lẹ́nu aládùúgbò, kí aládùúgbò fúnra rẹ̀ wá sọ ọ́. Bí ó bá sì ní àléébù, kí ó tètè jẹ́wọ́, nítorí ẹnìkejì kò ní í gbàgbé rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá ń ṣì. Kóòtù ìbílẹ̀ kò lè tú ìgbéyàwó olórùka tí a ṣe lábẹ́ òfin ìjọba, ìbáà ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní ọ́fíìsì ìjọba. Òfin ọdún 1970 fi èyí sí ọwọ́ Kóòtù Gíga, kì í sì í sábà gba ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ kí ìgbéyàwó tó pé ọdún méjì, àfi bí adájọ́ bá yọ̀ǹda. (Àwa tí a ti so irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé púpọ̀ ni kì í ka ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí.) Ẹni tí ó bá gba ìwé ìtúká ní kóòtù ìbílẹ̀, tí ó sì lọ fẹ́ ẹlòmíràn, inú ti àkọ́kọ́ ni ó ṣì wà lójú òfin.

Ẹ̀yin olóyè, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe ránṣẹ́ sí adájọ́ lóru nítorí ọmọ yín. Ẹ wá lọ́sàn-án gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, kí ẹ sọ iye ìgbà tí ẹ ti parí ìjà wọn, àti ohun tí olúkúlùkù ṣèlérí níwájú yín.

Ọkùnrin tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn ń múra láti padà lọ bẹ kóòtù kí ọmọ lè máa wá sọ́dọ̀ òun nígbà ìsinmi. A ti sọ fún un pé kí ó mú àbúrò rẹ̀ dání, kí ó sì kọ́kọ́ yà sí ilé-ìwé ọmọ náà.