Ọ̀rá tí wọ́n ní ó máa jẹrà, mo rì í mọ́lẹ̀ ní Agbowó

Nínú oṣù Karùn-ún, mo ra búrẹ́dì ní ilé ìtajà kan ní Ring Road. Ọ̀rá tí wọ́n fi dì í fún mi ní àwòrán ewé lára, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé "100% biodegradable", ìyẹn ni pé ó máa jẹrà bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kò burú, ẹ jẹ́ kí n dán an wò. Mo gbẹ́ ihò sẹ́yìn ilé tí mò ń gbé ní Agbowó, mo rì í mọ́lẹ̀, mo sì ri ọ̀rá míì tí mo fọwọ́ ara mi ṣe sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé irọ́ ni mò ń pa, ẹ fara balẹ̀. Sítáàṣì ẹ̀gẹ́ tí a fi ń mú kí aṣọ le, omi, àti gílísíríìnì díẹ̀ tí àwọn tó ń po ìpara máa ń rà ní Dùgbẹ̀. Ẹ rò ó lórí iná kékeré bí ẹni ń ro ẹ̀kọ, ó máa ki, ó sì máa mọ́ gaara. Ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sórí tíréè, ẹ sá a fún ọjọ́ méjì, ohun tẹ́ ẹ máa ká kúrò níbẹ̀ á jọ ọ̀rá. Gílísíríìnì yẹn ni kì í jẹ́ kó máa ṣẹ́ bí ìpékeré. Àmọ́ omi ni ọ̀tá rẹ̀. Àkọ́kọ́ tí mo ṣe, òjò kan ṣoṣo ló bá a pàdé, ló bá rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀.

Ibẹ̀ ni lẹ́búlẹ́bú pákó ti wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá mọ ọjà pákó Bódìjà mọ̀ pé òkìtì rẹ̀ kò wọ́n. Wọ́n máa ń dáná sun ún ni. Ohun tó ń mú pákó dúró ni cellulose, okùn tín-ín-rín tó tún wà nínú òwú àti bébà. Ọmọ ìyá ni òun àti sítáàṣì: glucose kan náà ni wọ́n fi mọ àwọn méjèèjì, bí wọ́n ṣe so ó pọ̀ ló yàtọ̀. Abájọ tí wọ́n fi ń lẹ̀ mọ́ra dáadáa. Iṣẹ́ tí irin rọ́ọ̀dù ń ṣe nínú kọnkéré dẹ́kì ni okùn yìí ń ṣe nínú sítáàṣì. Ọ̀rá náà kì í tètè ya mọ́, omi náà kì í tètè ráyè wọ̀ ọ́.

Ẹ ò kàn lè bu lẹ́búlẹ́bú dà sí i ṣá. Lignin wà nínú pákó tó lẹ̀ mọ́ okùn yẹn, kọ́síìtíkì sódà ni wọ́n sì fi ń sè é kúrò. Omi eérú tí àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú kò jìnnà sí i. Èmi ò jẹ́ fi kọ́síìtíkì sódà ṣeré nínú kíṣìnì tí èmi àti èèyàn mẹ́ta jọ ń lò o; káún ni mo fi sè é ní tèmi, mo ṣàn án, mo sá a, mo sì fi asẹ́ kù ú. Tó bá tún pọ̀ jù, ó máa ń ṣù kókó-kókó, ọ̀rá náà á wá gan.

Nínú oṣù Kẹsàn-án, mo hú ihò náà. Tèmi ti lọ. Ti ilé ìtajà yẹn wà níbẹ̀ digbí, ewé ara rẹ̀ ṣì ń dán. Irú ọ̀rá kan wà lọ́jà tó jẹ́ pé pílásítíìkì epo rọ̀bì náà ni, wọ́n kàn fi kẹ́míkà sí i kí oòrùn lè fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ ni. Fífọ́ kì í ṣe jíjẹrà. European Union ti lé irú ẹ̀ kúrò lọ́jà wọn láti oṣù Keje ọdún 2021. Lọ́dọ̀ wọn, kí ọ̀rá tó lè jẹ́ orúkọ pé ó ń di ajílẹ̀, ó kéré tán, ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti di afẹ́fẹ́ láàárín oṣù mẹ́fà. Níbí ńkọ́? Ẹ ya ewé sí i lára, ó ti parí.

Ará Ìbàdàn kọ́ ló yẹ kó fi èyí ṣàwàdà. Ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹjọ, ọdún 1980, omi Ògùnpa pa èèyàn tó lé ní igba. Ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹjọ, ọdún 2011, ó tún ṣẹlẹ̀, ẹ̀mí tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló lọ. Ọ̀rá nìkan kọ́ ló fà á, a kọ́lé sójú odò. Àmọ́ tí òjò bá dá, ẹ wo inú gọ́tà, kí ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ rí fún mi.

Àṣìṣe tí mo rò pé a ń ṣe ni pé tí ẹnì kan bá ti dárúkọ ọ̀rá ẹ̀gẹ́, pure water la máa ń kọ́kọ́ bi í. Kò lè gbé pure water, ó kéré tán ní báyìí. Ẹ fi sílẹ̀ jàre. Ọ̀rá dúdú wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń gbin ọmọ igi sí ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, irú èyí tó wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta òdòdó létí títì. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé igi lọ sóko, wọ́n á fi bíléèdì ya á, wọ́n á jù ú sínú koríko. Ọ̀rá tí iṣẹ́ rẹ̀ kò pẹ́, tó jẹ́ pé kó jẹrà gan-an la ń fẹ́! Ẹ kàn máa gbin igi tòun tọ̀rá.

Ta ló máa rà á? FRIN tó ń ṣèwádìí igbó wà ní Jericho, NIHORT tó ń rí sí èso àti ewébẹ̀ wà ní Ìdí-Iṣin, CRIN tó ń rí sí kòkó wà ní Ìdí-Ayunrẹ́, IITA náà wà níbí láti ọdún 1967. Ìlú wo ló tún ní gbogbo wọn? Ata kì í lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà nínú ọ̀rá. Kòkó máa ń lo oṣù bíi mélòó kan, tiẹ̀ máa gba ọ̀rá tó le jù bẹ́ẹ̀. Ọ̀rá dúdú ṣì máa dínwó jù ú lọ o, mi ò ní purọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní àwọn àti ìjọba Ọ̀yọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ rà á, kí ẹni tó ń ṣe é lè rí owó ra ẹ̀rọ. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí mo mọ̀ fi nǹkan yìí ṣe iṣẹ́ àṣekágbá. Wọ́n fún un ní máàkì, wọ́n gbé ìwé sórí ṣẹ́ẹ̀fù. Ó ń ta páwà báǹkì ní Challenge báyìí.

Ẹnì kan sọ fún mi pé, "Gààrí ti wọ́n tó báyìí, o tún fẹ́ fi ẹ̀gẹ́ ṣe ọ̀rá?" Ọ̀rọ̀ gidi ni. Àmọ́ ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń fún gààrí, kí ẹ wo omi tó ń ṣàn jáde lára àpò. Sítáàṣì máa ń sùn sí ìdí omi yẹn, funfun báláú, ilẹ̀ ni wọ́n sì ń dà á sí jù. Àjẹkù ẹ̀gẹ́ àti àjẹkù pákó ni mò ń sọ, kì í ṣe oúnjẹ ẹnikẹ́ni.

Mo ti tún òmíràn ṣe. Ata rodo mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn ilé báyìí. Gbòǹgbò ọ̀kan ti gba ìdí ọ̀rá yọ.