Ṣé lóòótọ́ lowó wọlé?

Ẹ̀yin oníṣòwò Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n ní Ìjẹ̀bú kì í fi owó ṣeré. Ẹ jẹ́ ká wò ó bóyá òótọ́ ni.

Ọjà tí ẹ ń tà l'Ókè-Ajé ti dórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ará Ìbàdàn lè wà lórí bẹ́ẹ̀dì kó fi káàdì ra gàrí Ìjẹ̀bú, kí ọmọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tó wà ní London sì sanwó aṣọ Ojúde Ọba. Àwọn bíi Paystack ló ń báa yín gba owó náà. Shola Akinlade àti Ezra Olubi dá a sílẹ̀ lọ́dún 2015, kí Stripe tó rà á lọ́dún 2020.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà rèé. Tí oníbàárà bá sanwó tán, fóònù rẹ̀ á gbé e padà sí wẹ́bsáìtì yín pé òun ti san. Ẹ̀yin náà á wá di ẹrù! Ẹ rọra o. Inú fóònù oníbàárà ni ìròyìn yẹn ti wá, ẹni tó bá gbọ́n féfé lè ṣe ayédèrú rẹ̀. Kò yàtọ̀ sí ayédèrú alẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń lu àwọn ìyá wa ní jìbìtì lọ́jà.

Ẹ sọ fún ẹni tó ń ṣe wẹ́bsáìtì yín pé kó jẹ́ kí wẹ́bsáìtì náà fúnra rẹ̀ bi Paystack léèrè: owó yìí, ṣé ó wọlé? Èló ni? Èló yẹn ṣe pàtàkì. Kọ́bọ̀ ni Paystack fi ń ka owó wa. Ọjà ₦10,000, 1,000,000 lẹ máa kọ. Tẹ́ ẹ bá kọ 10,000, ₦100 péré ni wọ́n máa gbà, ẹrù á sì lọ!

Ìgbà míì, owó á kúrò ní báńkì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á sì já. Oníbàárà á máa pariwo olè lé yín lórí. Paystack máa ń ránṣẹ́ tààrà sí wẹ́bsáìtì nírú àsìkò bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ ti ṣe ibi tí iṣẹ́ náà máa balẹ̀ sí.

Tẹ́ ẹ bá bi ọmọ kọ̀ǹpútà yín ní gbogbo èyí, tó ń wò yín bọ̀ọ̀, ẹ má tíì ṣí ìsọ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.