Ìròyìn Kò Tó Àfojúbà

Nídìí ẹjọ́ la ti sábà ń gbọ́ òwe yìí, ṣùgbọ́n kíláàsì sáyẹ́ǹsì ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ gan-an ló bá mu jù lójú tèmi.

Ẹ wọ kíláàsì kan ní Ìkọ̀tún. Tíṣà ti kọ ọ́ sójú pátákó pé ewéko kì í dàgbà láìsí ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Àwọn ọmọ dà á kọ, wọ́n há a sórí. Ìròyìn nìyẹn. Ẹ wá fún wọn ní ẹ̀wà, òwú àti ìdí ike omi méjì. Kí wọ́n fi omi rin òwú, kí wọ́n gbin ẹ̀wà sí i, kí wọ́n gbé ọ̀kan sójú fèrèsé, kí wọ́n ti èkejì mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Èwo ni yóò ga jù? Gbogbo wọn á ní ti ojú fèrèsé. Ẹ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan: ti inú òkùnkùn ló ga jù! Ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, ó pupa rúsúrúsú, ọrùn rẹ̀ ò dúró. Oúnjẹ inú kóró rẹ̀ ló ń ná tó fi ń nà wá ìmọ́lẹ̀; bí ìyẹn bá tán, ó parí. Ọmọ tó ń fi rúlà wọ̀n ọ́n láràárọ̀ ti rí ohun tí pátákó ò sọ fún un.

Owó kọ́ ni ìṣòro irú ẹ̀kọ́ báyìí. Bátìrì, gílóòbù tọ́ọ̀ṣì, òòfà inú sípíkà tó bàjẹ́: gbogbo rẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn atúnrédíòṣe. Èrò ló pọ̀. Ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ́ṣọ́ ní Èkó, níbi tí Ìkọ̀tún wà, tí ìkànìyàn ọdún 2006 ka èèyàn 1,277,714 sí, bí tíṣà bá dá nìkan tan gílóòbù níwájú kíláàsì tó kún fọ́fọ́, ìròyìn náà ló ṣì jẹ́ fún ọmọ tó jókòó lẹ́yìn. (Ká má tiẹ̀ sọ ti àpótí irinṣẹ́ sáyẹ́ǹsì tí wọn kì í ṣí ní àwọn ilé-ìwé kan àfi tí ìnsípẹ́kítọ̀ bá ń bọ̀.)

Ẹni tó fojú rí i náà gbọ́dọ̀ lè ròyìn rẹ̀, ní èdè tó yé e. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Modákẹ́kẹ́ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò, fún ọdún mẹ́fà gbáko. Àwọn ọmọ náà ò rẹ̀yìn; wọ́n tiẹ̀ ta àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ yọ. Lónìí, ọmọ Ẹ̀gbẹ́dá, ní Alímọ́ṣọ́ kan náà, tó bá rí ẹ̀wà inú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn tó pariwo pé, "Àǹtí, ẹ wò ó, ó ń sáré wá ìmọ́lẹ̀ ni!" lè san owó ìtanràn ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé aládàáni, torí pé Yorùbá ló fi sọ ọ́.