Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn Lórí Pápá

Ìyá kan tí ó ń ka ojú-ewé yìí déédéé ni ó kọ ìwé sí wa. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wà ní yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ tí ń gbá bọ́ọ̀lù àwọn ará ibẹ̀, èyí tí a ń fi ọwọ́ gbé sáré tí a sì ń fi ara kọlu ara. Ní ọjọ́ kan ọmọ náà na ara, ó gba bọ́ọ̀lù mú ní etí ìlà. Rẹfirí ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ti jáde kúrò ní pápá. Ọmọ náà búra pé ẹsẹ̀ òun wà nínú. Ó yíjú sí akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀ pé kí ó takò ìdájọ́ náà, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà káwọ́ lẹ́rán, kò sọ nǹkan kan. Wọ́n pàdánù eré náà. Láti ìgbà náà ni ọmọ yìí kò ti bá olùkọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ti àtẹ̀yìnwá, ó sì ń wí pé òun yóò fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ bi wá léèrè pé: “Ǹjẹ́ ọkùnrin yìí kò ha ti rẹ́ ọmọ mi jẹ?”

Àwa kò gbá irú bọ́ọ̀lù yìí rí. Ìdí tábìlì ni a ti lo ọjọ́ ayé wa. Ṣùgbọ́n a ti wádìí òfin rẹ̀, a ó sì dáhùn bí a ti lè ṣe.

Ní ayé àtijọ́, ohun tí rẹfirí bá ti wí, abẹ gé e. Ní oṣù November 1940, nígbà tí Cornell bá Dartmouth pàdé, rẹfirí ṣe àṣìṣe nínú kíkà: ìgbìyànjú mẹ́rin ni òfin fi fún ẹgbẹ́ láti gbé bọ́ọ̀lù síwájú ní yáàdì 10, ṣùgbọ́n ó fún Cornell ní ìkarùn-ún, òun náà ni wọ́n sì fi borí ní àmì 7 sí 3. Nígbà tí a wo fíìmù eré náà lẹ́yìn ọjọ́ náà, àṣìṣe hàn gbangba. Cornell, tí kò tíì pàdánù eré kan ní ọdún náà, fi wáyà ránṣẹ́ pé àwọn yọ̀ǹda eré náà fún Dartmouth, a sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní 3 sí 0. Inú wa dùn láti ròyìn èyí. Ṣùgbọ́n ní 1990, nígbà tí irú ìgbìyànjú karùn-ún bẹ́ẹ̀ mú kí Colorado borí Missouri ní 33 sí 31, kò sí ẹni tí ó fi wáyà ránṣẹ́. Èsì náà dúró títí di òní.

Ní 2004 ni àwọn yunifásítì ẹgbẹ́ Big Ten dán an wò láti máa fi àwòrán yẹ ìdájọ́ wò. Ní 2005 àwọn yòókù gba àṣẹ láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 2006 ni a sì fi ẹ̀tọ́ ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lé akọ́nimọ̀ọ́gbá fúnra rẹ̀ lọ́wọ́. Kì í ṣe ẹ̀tọ́ ọ̀fẹ́. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àṣẹ ìdádúró mẹ́ta ní ìlàjì eré kọ̀ọ̀kan, èyí tí ó ń mú kí aago dúró. Ẹni tí ó bá fẹ́ takò ìdájọ́ gbọ́dọ̀ fi ọ̀kan nínú wọn dógò. Bí ó bá jàre, a dá a padà fún un, ó sì lè pe ẹjọ́ kan sí i, ṣùgbọ́n kò lè ju méjì lọ nínú eré kan. Bí ó bá jẹ̀bi, dógò náà ti lọ nìyẹn. Ẹni tí kò bá sì ní ìdádúró kankan mọ́ kò lè pe ẹjọ́, bí ó tilẹ̀ rí àṣìṣe náà bí ẹni rí òṣùpá. Ó tún gbọ́dọ̀ yára, nítorí bí eré tí ó tẹ̀lé e bá ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ tí àṣìṣe bá gbè fi máa ń sáré tò sórí ìlà.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ òǹwòran kò rò. Ní bọ́ọ̀lù yunifásítì, onídàájọ́ kan jókòó sí òkè pẹ̀lú àwòrán níwájú rẹ̀, ó sì ń yẹ gbogbo eré wò. Bí ó bá rí ohun ìfura, òun fúnra rẹ̀ a dá eré dúró, kò sì ná ẹgbẹ́ kankan ní ohunkóhun. Nítorí náà, nígbà tí akọ́nimọ̀ọ́gbá bá dìde láti takò ìdájọ́, kì í ṣe ojú rẹfirí nìkan ni ó ń bá jà. Ẹni òkè pẹ̀lú ti wò ó, kò sì rí ìdí láti sọ̀rọ̀. Òfin sì wí pé bí àwòrán kò bá fi àṣìṣe hàn láìsí iyèméjì, ìdájọ́ orí pápá ni yóò dúró. Kí ẹsẹ̀ wà nínú ìlà ní tòótọ́ kò tó. Ó gbọ́dọ̀ hàn pé ó wà níbẹ̀.

Kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà ni àwòrán ń gba ni. Ní September 2006, Oklahoma fi 33 sí 27 ṣíwájú Oregon, ó sì ku ìṣẹ́jú kan ó lé díẹ̀. Oregon ta bọ́ọ̀lù kúkurú. Ọmọ ẹgbẹ́ wọn kan fara kàn án kí ó tó rìn yáàdì 10 tí òfin béèrè, Oklahoma ni ó sì rí bọ́ọ̀lù náà mú. Síbẹ̀ a gbé e fún Oregon. A yẹ àwòrán wò, àṣìṣe náà dúró, Oregon sì borí ní 34 sí 33. Lẹ́yìn náà àjọ Pac-10 jẹ́wọ́ àṣìṣe, ó sì dá àwọn onídàájọ́ náà dúró fún eré kan, ṣùgbọ́n èsì kò yí padà.

Ẹ wá wo ohun tí ó wà lọ́kàn akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ó dúró ní etí pápá, kò rí ìdajì ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ọmọ tí ó gba bọ́ọ̀lù ń búra. Ọmọ tí ó gba bọ́ọ̀lù a máa búra nígbà gbogbo, òtítọ́ sì ni lójú tirẹ̀. (Nínú iṣẹ́ akọ̀wé wa, a ti rí ìwé ẹ̀sùn púpọ̀ tí a kọ ní alẹ́ ọjọ́ ìbínú, tí ẹni tí ó kọ ọ́ wá bẹ̀ wá ní òwúrọ̀ pé kí a dá a padà fún òun.) Àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ ní òkè ni ó ń bá a sọ̀rọ̀ sí etí, ó sì ní láti mọ èwo nínú wọn ni ó rí ohun tí ó rí, àti èwo ni ó rí ohun tí ó fẹ́. Lẹ́yìn èyí ni yóò ṣírò. Láàárín eré kan àti èkejì, àwọn alátakò lè jẹ́ kí ìṣẹ́jú-àáyá 40 ṣòfò. Ìdádúró kan ni yóò gba àkókò náà lọ́wọ́ wọn.

Ìyá náà kọ ọ́ pé ìṣẹ́jú mẹ́fà ni ó kù, àmì 3 ni àwọn alátakò fi ṣíwájú, ìdádúró kan ṣoṣo ni ó sì kù fún ẹgbẹ́ ọmọ rẹ̀. Ìgbìyànjú kejì ni wọ́n wà, èrè bọ́ọ̀lù náà kò sì ju nǹkan bí yáàdì 8 lọ. Bí ó bá jẹ́ pé àmì ayò ni a gbà lọ́wọ́ wọn, tàbí pé ìgbìyànjú kẹrin ni, àwa ìbá dá akọ́nimọ̀ọ́gbá lẹ́bi láìṣojúsàájú, nítorí ẹni tí ó gbé irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ délé láìlò kò ṣọ́ owó, ó kàn sin ín ni. Ṣùgbọ́n fún yáàdì 8? Ìdádúró náà ni ó lò ní ìparí láti dá aago dúró, tí wọ́n fi rí bọ́ọ̀lù gbà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọmọ náà wí pé kò kúkú gbà wọ́n. Òtítọ́ ni, kò gbà wọ́n.

Nítorí náà, ìyá wa, a gbà pé ẹsẹ̀ ọmọ yín lè wà nínú ìlà, a sì gbà pé akọ́nimọ̀ọ́gbá kò rẹ́ ẹ jẹ. Kí ó má tíì fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Kí ó lọ bá olùkọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ tí kò sí eré, kí ó kí i bí ó ti yẹ, kí ó sì béèrè ohun tí ẹni òkè sọ sí i létí ní wákàtí náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ èsì rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. Àwa pẹ̀lú fẹ́ gbọ́ ọ.