Ilé Tí A Kọ́ Láti Ìlú Òyìnbó: Ta Ni A Kọ́ Ọ Fún?

Bí ẹ bá gba ìgboro ìlú èyíkéyìí kọjá ní ilẹ̀ Yorùbá lónìí, ìbáà ṣe Ìjẹ̀bú-Òde, ìbáà ṣe Iléṣà, ìbáà ṣe Ìkìrun, ẹ kò ní ṣàì rí àwọn ilé ńláńlá kan tí fèrèsé wọn kì í ṣí láti ọdún dé ọdún. Ọ̀dà ara wọn ti ṣí, koríko ti bo ojúde wọn, alángbá nìkan ní ń sáré lórí àtẹ̀gùn wọn. Bí ẹ bá béèrè ẹni tó ni ilé náà, ìdáhùn kan ṣoṣo ni ẹ ó gbọ́: “Bàbá kan ní Lọ́ńdọ̀nù ni.” Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, bàbá náà ti kú láti nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, ṣùgbọ́n àwọn ará àdúgbò kò tíì mọ orúkọ ẹlòmíràn tí wọn ó pè mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí.

Ní ọjọ́ kẹta Iléyá ọdún 2025, nígbà tí gbogbo Ìjẹ̀bú-Òde kọrí sí Ojúde Ọba, mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi kan tó wálé láti Lọ́ńdọ̀nù kí ó lè bá rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ rẹ̀ jáde. Ọdún 1971 ló ti kúrò nílé, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 24. Iṣẹ́ rélùwéè ló ṣe níbẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ọdún 1983 ló fi ìpìlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rẹ̀ lélẹ̀, ó di ọdún 1991 kí ó tó kan òrùlé rẹ̀. Gbogbo pọ́n-ùn tí kò fi jẹun, búlọ́ọ̀kù ló fi rà. Mo bá a lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó ti wọ agbádá rẹ̀ tán, ṣùgbọ́n kò dìde.

Ó ní, “Àbúrò, jókòó ná. Ta ni yóò máa gbé inú ilé yìí nígbà tí mo bá lọ?”

Mo dáhùn kíá pé, “Ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́run yóò dá a yín sí o. Àwọn ọmọ yín ni.”

Ó rẹ́rìn-ín. Ọmọ mẹ́ta ló bí, méjì wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀kan wà ní Toronto. Ó ní òun ti bi wọ́n léèrè lórí fóònù. Àwọn ọkùnrin méjèèjì ní kí bàbá má ronú ikú. Ṣùgbọ́n àbíkẹ́yìn rẹ̀, tó jẹ́ obìnrin, dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, “Dádì, bí a bá dé ibẹ̀, ta ni a ó bá nílé?”

Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà náà. Àwọn àgbàlagbà kan tí mo sọ ọ́ fún ní ọmọ náà ti di òyìnbó, pé kò mọ iyì ilé bàbá rẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí àwọn baba ńlá wa ń pè ní ilé kì í ṣe ògiri àti páànù, ènìyàn ni. Bí a bá ní “ilé Lágbájá”, bàbá, ìyá, ọmọ, ará ilé àti àlejò ni a ń pè lórúkọ. Ọmọbìnrin yìí tí a ní kò gbọ́ Yorùbá, ìbéèrè Yorùbá gan-an ló bi bàbá rẹ̀.

Kí n tó máa bá ti ẹlòmíràn lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilé tiwa. Bàbá tó bí mi lọ́mọ kọ́ ilé oníyàrá méjìlá. Ó fi ìyàwó mẹ́ta àti ọmọ mọ́kànlá sáyé lọ, kò sì fi ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀ nípa ilé náà. Nígbà tí a ṣe òkú rẹ̀ tán, olúkúlùkù mú yàrá kọ̀ọ̀kan, ó fi àgádágodo sí i, ó sì padà sí ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1994, atẹ́gùn ká páànù orí yàrá ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Jọ́ọ̀sì. Kò sí ẹni tó lè wọlé gbé garawa sí abẹ́ ibi tó ń jò, nítorí Jọ́ọ̀sì ni kọ́kọ́rọ́ wà. Olúkúlùkù ní òun kò lè fi owó òun tún yàrá tí kì í ṣe tòun ṣe. Omi gba inú àjà dé yàrá kejì, ó dé ìkẹta, nígbà tó sì di ọdún kẹta, ògiri ẹ̀gbẹ́ kan wó lulẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ mi yé o: a kò jà. Ẹnikẹ́ni kò bú ẹnikẹ́ni. Ìfẹ́ wà láàárín wa títí di òní. Ilé náà kàn wó ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa, àṣà wa ni a tẹ̀lé, bí kò tilẹ̀ jẹ́ pé òye rẹ̀ ni a tẹ̀lé. Nínú àṣà Yorùbá, bí ẹni tó kọ́lé bá kú láìsọ nǹkan kan, ilé náà di ilé ẹbí. Gbogbo ọmọ ló ni ín, lọ́kùnrin lóbìnrin, ẹnì kan kò sì lè dá a tà. Ẹjọ́ kan wáyé ní Èkó lórí ilé Olóyè Mabinuori, tó kú ní ọdún 1874. Ní ọdún 1908 àti 1909 ni ilé ẹjọ́ dá ẹjọ́ náà, tí a mọ̀ sí Lewis àti Bankole. Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ilé ẹbí ti fìdí múlẹ̀ níwájú adájọ́: pé àgbà ọmọ ni olórí ilé, pé obìnrin pàápàá lè jẹ́ olórí náà bí òun bá ni àgbà tó kù láyé, àti pé ẹ̀tọ́ wà fún àwọn ọmọ láti wọlé, láti jáde, àti láti gbé inú rẹ̀. Àṣà tó dára ni. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ọmọ di aláìnílé lórí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìgbà tí a dá a sílẹ̀: ìgbà tí ọmọ ń sùn sí yàrá rẹ̀ lóòótọ́, tó ń gbá ojúde láàárọ̀, tí igi òrùlé bá ń ké, tó ń gbọ́ ọ. Ẹni tó ń wálé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún mẹ́wàá kò lè gbọ́ igi òrùlé.

Nígbà tó bá sì di pé a fẹ́ pín in, ọ̀rọ̀ mìíràn tún dé. Ṣé ìdí-igi ni a ó fi pín in ni, ìyẹn ni pé ìyàwó mélòó ni, kí ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan gba ìpín kan? Àbí orí-ó-jorí, kí olúkúlùkù ọmọ gba tirẹ̀ lọ́gbọọgba? Suberu Dawodu kú ní Èkó ní ọdún 1940 láìṣe ìwé ìhágún. Ìyàwó mẹ́rin ló fẹ́, ọmọ mẹ́sàn-án ló bí. Adájọ́ àkọ́kọ́ ní orí-ó-jorí ló bá ayé òde òní mu; ilé ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ ní rárá, ìdí-igi ni àṣà. Ó di ọdún 1962, ọdún 22 lẹ́yìn tí olóògbé ti wọlẹ̀, kí Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù, tó jẹ́ òpin ẹjọ́ fún wa nígbà náà, tó fọwọ́ sí i pé ìdí-igi ni. Ẹni tó kú sí Èkó, Lọ́ńdọ̀nù ni a ti parí ogún rẹ̀! Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ ọ́ fún un. Ó ní tòun, Lọ́ńdọ̀nù ni àwọn ọmọ wà, Ìjẹ̀bú ni wọn yóò ti wá ṣe ẹjọ́.

Àwọn kan gbà pé ìwé ìhágún tí lọ́yà bá ti ṣe ní ìlú òyìnbó ti parí gbogbo rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin ibi tí ilẹ̀ wà ní ń darí ilé tó wà lórí ilẹ̀ náà. Ìbéèrè àkọ́kọ́ sì ni pé: ilẹ̀ ta ni? Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ tí ènìyàn fi owó ara rẹ̀ rà, tí ìwé rẹ̀ pé, ó lè hágún rẹ̀ fún ẹni tó bá wù ú. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí ni wọ́n gé fún un kí ó kọ́lé sí, ilẹ̀ náà kò di tirẹ̀ nítorí pé ó kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sórí rẹ̀. Òfin ìhágún tí Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ṣe ní ọdún 1958, tí àwọn ìpínlẹ̀ tó jáde lára rẹ̀ jogún, sọ ọ́ gbangba pé ohun tí àṣà kò bá gbà kí ènìyàn dá hágún, ìwé kò lè hágún rẹ̀. Òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 tún fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Ẹ wá wo ẹni tó lo ogójì ọdún ní òkè òkun tí kò ní ju ìwé rìsíìtì tó ti rà lọ́wọ́!

Òkè òkun náà kò sì gbàgbé rẹ̀. Láti ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin ọdún 2025, ẹni tó bá ti gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún 10 nínú ọdún 20 tó kọjá, ohun ìní rẹ̀ níbi gbogbo láyé ni ìjọba ibẹ̀ ń kà mọ́ ohun tí wọn ó gba owó orí ogún lé lórí. Yàtọ̀ sí àwọn ààyè tí òfin fi sílẹ̀, ohun tó bá lé ní 325,000 pọ́n-ùn, ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni tìjọba. Ẹ̀bùn tí ènìyàn bá fúnni láàárín ọdún 7 kí ó tó kú pàápàá lè wọ inú ìṣirò náà. Ilé Ìjẹ̀bú ti di ọ̀rọ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì.

Èrò tèmi ni pé kí ẹni tó kọ́lé fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ ilé náà nígbà tó wà láyé, kí gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn sì gbọ́ ọ lójúkojú. Kí ó sọ bóyá ilé ẹbí ni tàbí ilé ẹnì kan. Kí ó sọ bóyá wọ́n lè tà á, àti ta ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi lọ̀. Lẹ́yìn náà ni kí lọ́yà wá kọ ọ́ sílẹ̀, ní ibí àti ní ọ̀hún. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ àgbà ní ń wò ó pé ẹni tó bá ń pín ogún ń pe ikú. Bàbá mi pàápàá gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣà wa kò kọ̀ ọ́: ẹ̀bùn tí a bá ṣe níwájú àgbààgbà, tí ẹni tí a fún sì dúpẹ́ ní gbangba, ẹ̀bùn tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni, ó ti wà kí ìwé ìhágún tó dé.

Ta ni kí a wá fún? Nínú ilé kékeré tó wà lẹ́yìnkùlé ẹ̀gbọ́n mi ni ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń gbé láti ọdún 1996, òun àti ìyàwó àti ọmọ mẹ́rin. Òun ló ń lé àwọn ọmọ onílẹ̀, òun ló ń san owó iná, òun ló gun òkè lọ kan páànù nígbà ìjì. Nínú ètò ogún, kò ní ìpín kankan, nítorí kì í ṣe ọmọ olóògbé. Ní ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi bá kú, àlejò ni ní ojú òfin, bẹ́ẹ̀ òun nìkan ni ìdáhùn sí ìbéèrè ọmọbìnrin Lọ́ńdọ̀nù: òun ni wọn ó bá nílé. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi láìfọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀ pé kí ó fún ọmọkùnrin yìí ní ìsàlẹ̀ ilé náà, kí ó ṣe ìwé rẹ̀ fún un, kí ó sì fi òkè sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn òǹkàwé kan yóò bínú. Wọn yóò ní mo ń gba ogún ọmọ fún ẹlòmíràn. Mo ti rí ohun tí àgádágodo mọ́kànlá fi ilé bàbá mi ṣe, n kò lè sọ nǹkan mìíràn.

Ọjọ́ tí ilé kan bá bọ́ sí ọwọ́ ẹni tí kò gbé inú rẹ̀, bó ti wù kí ó lókìkí tó, ó ti wà nínú ewu. Àwọn tó dàgbà sí Èkó kò ní gbàgbé Ilojo Bar tó wà ní gbàgede Tinúbú, ilé tí àwọn tó ti Bràsíìlì padà kọ́ ní ọdún 1855. Ìjọba ti kà á mọ́ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti ọdún 1956. Síbẹ̀ wọ́n wó o lulẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi kò fi ẹnu kò lé lórí, òun sì ni ibojì. Ojúde ilé yìí ló fẹ́ kí wọ́n sin òun sí, lábẹ́ igi agbálùmọ̀ tí ìyá rẹ̀ gbìn. Mo mọ ohun tó ń rò. Àwọn baba wa, inú ilé ni wọ́n ń sinmi sí, ọmọ a máa jí kí wọn láàárọ̀, ẹni tó bá sì jìnnà sílé láti ìgbà èwe rẹ̀ ní láti fẹ́ sún mọ́ ọn nígbà tó bá yá. Ṣùgbọ́n ibojì kì í jẹ́ kí ilé ṣeé tà. Ta ni yóò ra ilé tí bàbá onílé ń sùn sí lójúde? Ta ni nínú àwọn ọmọ náà ni yóò sì lè sọ pé kí a tà á, láìsí pé ará ilé ní ó ta bàbá rẹ̀? Ìmọ̀ràn tí mo gbà á ni pé kí ó ra àyè sí ìtẹ́ òkú ìjọ rẹ̀, kí ó jẹ́ kí ilé náà wà fún àwọn tó wà láàyè.

Kò dá mi lóhùn. Ó dìde, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó pe ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé pé kí ó gbé mọ́tò jáde, nítorí ìlù rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ti ń dún láti ọ̀nà ààfin. Ní oṣù tó tẹ̀lé e, ó fi ìwé ránṣẹ́ sí mi láti Lọ́ńdọ̀nù pé lọ́yà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ìsàlẹ̀ ilé náà. Nípa ti igi agbálùmọ̀, kò kọ nǹkan kan.