Àlùjànnú Àti Àwọn Tí Ń Fi Í Jẹun

Ọ̀rọ̀ àlùjànnú, tí ẹlòmíràn ń pè ní ànjọ̀nnú, kì í ṣe ọmọ bíbí èdè Yorùbá. Èdè Lárúbáwá ni orísun rẹ̀: al-jinn. Aljannu ni àwọn Haúsá ń pè é. Lórí bíbò àti pípamọ́ ni ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà dúró. Láti ibẹ̀ ni Lárúbáwá ti ń pe ọlẹ̀ inú aboyún ní janin, nítorí pé ojú kò tó o; ibẹ̀ náà ni Àlùjánnà ti wá, ọgbà tí igi ṣíji bò. Ẹ wo bí Àlùjánnà tí gbogbo Mùsùlùmí ń retí ti jẹ́ ọmọ ìyá kan náà pẹ̀lú àlùjànnú tí wọ́n ń sá fún!

Òtítọ́ ni pé àlùjànnú wà. Ọlọ́hun fi iná dá wọn. Onígbàgbọ́ wà nínú wọn, kèfèrí sì wà. Ṣùgbọ́n Súrà Al-A'raf, ẹsẹ 27, là á mọ́lẹ̀ pé Ṣàtánì àti ìran rẹ̀ ń rí ènìyàn láti ibi tí ènìyàn kò ti lè rí wọn. Báwo wá ni ààfáà kan ṣe ń ka iye àlùjànnú tó wà lára aláìsàn, tí ó mọ orúkọ wọn, tí ó tún mọ iye àgbò tí wọ́n fẹ́ jẹ? Ọmọ tí wárápá ń gbé ṣánlẹ̀, tí oògùn ilé ìwòsàn lè ràn lọ́wọ́, ni wọ́n ń nà ní pàṣán, tí wọ́n sì ń gba owó lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

Ayatul-Kursiyyu àti Súrà méjì tó kẹ́yìn Àlùkùránì kì í ṣe ọjà títà. Kí ìyá ọmọ náà kà wọ́n lé e lórí nílé, kí ó sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ kan náà.